Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tàbí oògùn akunilóorun: èwo ni kí a gbà fún ìyá wa tí egungun itan wọn kán?

Ọmọ Ìyá Ọ̀fà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ká wa mọ́lẹ̀, àkókò tí a ní láti fi rò ó kò sì pọ̀. Ìyá wa, ẹni ọdún 72, yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀ nílé wọn ní Ọ̀fà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, láti ìgbà náà ni wọn kò sì ti lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní kí a gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ̀ jálẹ̀, a sì gbé wọn wá sí ilé ìwòsàn kan níbí ní Ìlọrin. Ẹ́síréè fi hàn pé egungun itan ti kán lókè, níbi ọrùn rẹ̀ tó wọnú ìbàdí. Dókítà oníṣẹ́ abẹ sọ pé òun yóò yọ orí egungun tó kán náà, òun yóò fi irin rọ́pò rẹ̀, àti pé òun kò fẹ́ kó pẹ́, nítorí pé àgbàlagbà tó bá dùbúlẹ̀ gbọnrangandan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lè ní egbò ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ẹsẹ̀ àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró.

Ìyẹn kò le. Ohun tó le ni pé wọ́n sọ fún wa pé dókítà akunilóorun yóò wá wò wọ́n láàárọ̀ ọ̀la, pé ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ ní ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ara wọn kú láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ nígbà tí ojú wọn yóò ṣì là, tàbí kí wọ́n kùn wọ́n lóorun pátápátá. Láti ìgbà tí a ti gbọ́ èyí ni ilé ti pín sí méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Àjàṣẹ́-Ìpo ní òun kò fẹ́ gbọ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn sétí, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti gún ìyàwó òun nígbà tó bímọ nípa iṣẹ́ abẹ, ọdún kẹjọ rèé tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Ó sì tún gbọ́ pé abẹ́rẹ́ náà lè sọ ènìyàn di arọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní tirẹ̀ ní oorun gan-an ni òun ń bẹ̀rù, pé àgbàlagbà tí wọ́n bá kùn lóorun lè má jí mọ́, bó bá sì jí, ó lè máa pe ọmọ kan ní orúkọ èkejì. Ìyá fúnra wọn, gbólóhùn kan péré ni wọ́n sọ: wọn kò fẹ́ gbọ́ ìró òòlù lórí egungun ara wọn.

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo oògùn rẹ̀. Wọn kò ní àtọ̀gbẹ, wọn kò sì ní ikọ́ fée. Èwo nínú méjèèjì ni kò léwu? Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn dídùn yẹn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ni kó dá mi lóhùn.

Bàbá Ìbejì Ọ̀mù-Àrán

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá, Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Èmi kì í ṣe dókítà, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún mi, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn sì ni wọ́n lò. Wọ́n ní kí n jókòó sí etí tábìlì, kí n gbá ìrọ̀rí mọ́ àyà, kí n tẹ orí ba, kí n sì yọ ẹ̀yìn síta. Nọ́ọ̀sì kan di èjìká mi méjèèjì mú. Wọ́n fi oògùn kan nu ẹ̀yìn mi, ó tutù débi pé mo ta gìrì. Abẹ́rẹ́ kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ fi pa ojú ibẹ̀ ló ta mí. Èyí tó gùn tí mo ti ń bẹ̀rù kò dùn mí bí mo ṣe rò, ó kàn dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ mí níbi tó jìn. Kí n tó dùbúlẹ̀ tán, ìdí mi ti ń gbóná wọ́ọ́rọ́, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ti di ìtì igi. Mo ń wo ẹsẹ̀ náà, mo ní kó gbéra, kò dá mi lóhùn.

Mo gbọ́ ohùn àwọn dókítà, mo gbọ́ ìró irin iṣẹ́ wọn nínú àwo, ṣùgbọ́n ìrora kankan kò sí. Ní àárín kan, èébì gbé mi, ojú sì ń ṣú mi. Akunilóorun ní ìfúnpá mi ló wálẹ̀, ó fi oògùn kan sínú omi tó ń wọ ara mi, kò sì pẹ́ tí ara mi fi balẹ̀. Èyí kò bà mí lẹ́rù, nítorí pé ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni orí fífọ́. Ní ọjọ́ kejì tí mo délé, bí mo bá ti dìde jókòó báyìí, orí á máa fọ́ mi láti ìpàkọ́ wá sí iwájú bí ẹni pé ó fẹ́ là. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á lọ. Ilé ìwòsàn kékeré kan tí mo lọ ka á sí ibà, wọ́n sì fún mi ní oògùn ibà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìgbà tí mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó gún mi ló tó ṣàlàyé pé ojú ihò abẹ́rẹ́ ló ń jò, ó ní kí n máa dùbúlẹ̀ dáadáa, kí n máa mu omi púpọ̀ àti kọfí, kí n sì lo oògùn ìrora. Ó lọ ní ọjọ́ kẹfà. Ẹ bi dókítà yín léèrè nípa èyí kó tó gún ìyá. Ní ti ẹ̀yìn dídùn, kò sí, mo ṣì ń lọ sóko.

Ìyá Alátẹ Ìlọrin

Oògùn oorun ni wọ́n lò fún èmi nígbà tí wọ́n yọ gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi, wọn kò tilẹ̀ fún mi ní ẹ̀yọ kejì láti yàn, nítorí pé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kò wúlò fún iṣẹ́ abẹ ọrùn. Dókítà ní kí n ka ení títí dé ẹ̀wá, bóyá ni mo dé ẹ̀rin. Ohun tó kàn tí mo mọ̀ ni pé nọ́ọ̀sì ń pe orúkọ mi, ó ní wọ́n ti ṣe é tán. Ọ̀fun mi há fún ọjọ́ méjì nítorí rọ́bà tí wọ́n fi bọ̀ ọ́, mo sì bì lẹ́ẹ̀kan. N kò gbàgbé orúkọ ọmọ kankan, ṣùgbọ́n ẹni ọdún 44 ni mí nígbà náà, n kò lè fi ara mi wé ìyá yín.

Akunilóorun Kwara

Ọmọ Ìyá Ọ̀fà, ẹ pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe, nọ́ọ̀sì akunilóorun ni mí, mo sì fẹ́ dá yín lóhùn ní kíkún nítorí pé irú àríyànjiyàn tó wà nílé yín yìí ni mo ń bá ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀yìn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù pọ̀ sí. Mùdùnmúdùn tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn kò gùn dé ìdí. Lára àgbàlagbà, ó máa ń parí ní ìbàdí lókè, ní nǹkan bíi egungun kìíní tàbí ìkejì ìbàdí. Ìsàlẹ̀ ibi tó parí sí yìí ni a ti ń gún abẹ́rẹ́, níbi tó jẹ́ pé omi àti àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń léfòó nínú rẹ̀ nìkan ló kù. Oògùn tí a ń fi síbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ bupivacaine, kì í kún ṣíbí tíì kan. A ti po ṣúgà mọ́ ọn kí ó lè wúwo ju omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ, kí ó lè rì sí ibi tí a bá fẹ́ kó rì sí. Wákàtí méjì sí mẹ́ta ni agbára rẹ̀ máa ń wà, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jí díẹ̀díẹ̀. Ojú ibi tí a gún lè dun ènìyàn fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ń dun obìnrin lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tó ti bímọ, oyún fúnra rẹ̀, ọmọ pípọ̀n àti ẹrù rírù ló sábà máa ń fà á. Àwọn tí wọn kò gún lábẹ́rẹ́ rárá náà ń ní in. N kò sọ pé kí ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín jà lórí rẹ̀ o, nítorí pé ìrora tí ìyàwó rẹ̀ ń jẹ kì í ṣe irọ́.

Orí fífọ́ tí Bàbá Ìbejì sọ, òótọ́ ni. Ó ti wà láti ọjọ́ tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀: August Bier, dókítà ará Jámánì tó kọ́kọ́ fi ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́ abẹ ní ìlú Kiel ní ọdún 1898, jẹ́ kí igbákejì rẹ̀ gún òun náà láti fi dán an wò, orí sì fọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ débi pé kò lè dìde. Abẹ́rẹ́ tí a ń lò lónìí tín-ín-rín ju ti ayé ọjọ́un lọ fíìfíì, ewu náà sì kéré lára àgbàlagbà ju lára ọ̀dọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ti kìlọ̀ fún yín, Bàbá Ìbejì, ó dùn mí pé wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti oorun: kì í ṣe oorun alẹ́. Ẹni tí a kùn lóorun kì í lè dáàbò bo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a sì máa ń bá a mí. Ìdí nìyí tí a fi ń fi rọ́bà sí ọ̀nà èémí, tí a kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí yóò fi jí. Àwọn méjèèjì ló lè mú kí ìfúnpá wálẹ̀. Níbi tí irin iṣẹ́ bá pé, tí ẹni tó mọṣẹ́ sì jókòó tì í, kò wọ́pọ̀ kí oògùn oorun nìkan pa ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ń bẹ̀rù pé oorun yóò da ọpọlọ ìyá rú. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì máa ń fi abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn lọ àwọn àgbàlagbà tí egungun ìbàdí wọn kán nítorí rẹ̀. Ní ọdún 2021 ni wọ́n gbé èsì ìwádìí ńlá kan jáde tí wọ́n ń pè ní REGAIN, èyí tí wọ́n ṣe fún 1,600 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn ti tó 50 sókè, ní ilé ìwòsàn 46 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí gbogbo wọn jẹ́ ẹni tí egungun ìbàdí rẹ̀ kán bíi ti ìyá yín. Gègé ni wọ́n fi yan ẹni tí yóò gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn àti ẹni tí yóò sùn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́ta ọjọ́, àwọn tó ti kú tàbí tí wọn kò lè dá rìn, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá, jẹ́ 18.5 nínú 100 lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́, wọ́n sì jẹ́ 18.0 lára àwọn tó sùn. Àwọn tí wọ́n ṣe ìrànrán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹ́ 20.5 àti 19.7. Bákan náà ni wọ́n rí. Ó wá yé mi pé egungun tó kán, ìrora, ọjọ́ orí, àti ibùsùn àjèjì ló ń da ọpọlọ àgbà rú, ju ọ̀nà tí a fi pa ìrora náà lọ.

Nítorí náà, "èwo ló dára jù" kò ní ìdáhùn títí a ó fi mọ irú ara tí ìyá ní. A kì í gún ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní egbò tàbí oówo níbi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dànù púpọ̀ lára rẹ̀, ẹni tí ojú ọ̀nà kan nínú ọkàn rẹ̀ ti fún pa, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì. Ẹ sọ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń lò. Ṣé òun nìkan ni? Mo fẹ́ kí ẹ tú gbogbo oògùn wọn síta, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ fún mi, àgbo náà kò gbẹ́yìn.

Ní ti ìró òòlù, ó wà lóòótọ́, n kò ní parọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n a lè fi oògùn díẹ̀ mú ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tòògbé, a sì ti fi Kùránì sí àwọn ìyá létí rí láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ títí dé òpin.

Ọmọ Ìyá Ọ̀fà

Mo dúpẹ́ gidigidi. Nígbà tí mo ka ìbéèrè yín ni mo bi ìyá léèrè, wọ́n sì ní kí n wo abẹ́ ìrọ̀rí. Láílọ́ọ̀nù dúdú kan ni, wọ́n di ẹnu rẹ̀ ní kókó méjì. Amlodipine wà níbẹ̀, èyí tí a mọ̀. Òmíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ clopidogrel 75 sí lára, ó ku ẹyọ mẹ́rin nínú káàdì rẹ̀. Wọ́n ní láti ọdún kejì sẹ́yìn ni wọ́n ti ń lò ó, láti àárọ̀ ọjọ́ tí ẹnu wọn ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí dókítà sì sọ pé ó fẹ́ jẹ́ rọpárọsẹ̀. Wọ́n lò ó láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí wọ́n tó ṣubú. Ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kékeré kan náà tún wà níbẹ̀.

Ojú tì mí láti sọ pé a kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n bi wá bóyá wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, a sì dáhùn ohun tí wọ́n bi wá. Ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀ yẹn kò tilẹ̀ sí lọ́kàn wa mọ́ nítorí pé ẹnu ti padà sí ipò.

Akunilóorun Kwara

Ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ gbé láílọ́ọ̀nù yẹn lọ bá nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù nísinsìnyí, kí ó kọ ọ́ sínú fáìlì, kí ó sì pe dókítà.

Clopidogrel yí ọ̀rọ̀ padà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ọpọlọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn bá ṣèèṣì kan iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kan, ẹ̀jẹ̀ tí ì bá dì ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lè máa ṣàn kó sì kóra jọ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, kó máa fún àwọn iṣan ibẹ̀ pa. Arọ tí ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin gbọ́ nípa rẹ̀, ọ̀nà tó lè gbà ṣẹlẹ̀ rèé. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n irú oògùn yìí ló ń mú kó súnmọ́ tòsí. Ìlànà wa ni pé kí ẹni tó ń lò ó ti dáwọ́ rẹ̀ dúró fún ọjọ́ márùn-ún sí méje kí a tó gún un. Ẹ ka ọjọ́ láti ọjọ́ Àìkú: kò tíì pé. A kò sì fẹ́ kí egungun ìbàdí tó kán dúró fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí abẹ́rẹ́ nìkan, nítorí pé ìdúró náà ní ewu tirẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì ni a máa ń fẹ́ ṣe é bí ó bá ṣeé ṣe. Ohun tí a sábà máa ń ṣe fún irú ìyá yín ni pé a ó kùn wọ́n lóorun, a ó sì gún abẹ́rẹ́ mìíràn síbi tí itan ti pàdé ikùn, èyí tí yóò pa iṣan tó ń gbé ìrora itan nìkan fún ìgbà díẹ̀, kí ìrora má baà pọ̀ nígbà tí wọ́n bá jí. Dókítà tó bá wò wọ́n ni yóò pinnu, kì í ṣe èmi tí n kò rí wọn.

Ẹ tún bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọn yóò padà bẹ̀rẹ̀ sí í lo clopidogrel náà, nítorí rọpárọsẹ̀ yẹn. Ẹ gbé ìgò àgbo padà sílé. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n má jẹun, ẹ béèrè aago rẹ̀ gan-an: oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti dáwọ́ dúró fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, ṣùgbọ́n omi lásán ṣeé mu títí di wákàtí méjì kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá wa ní Ìlọrin níbí máa ń sọ ọ́ di ààwẹ̀, wọn á jẹ ohun bíi sààrì lóru, wọn kò sì ní fi omi kan ẹnu títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ara àgbà kì í fẹ́ òùngbẹ yẹn rárá. Bí wọ́n bá ń lo eyín àtọwọ́dá, ẹ yọ ọ́. Bí wọ́n bá jí, kí ẹnì kan tí wọ́n mọ ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ó fi awò ojú wọn sí i fún wọn, kí ó sọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n wà fún wọn.

Bàbá Ìbejì Ọ̀mù-Àrán

Ẹ jọ̀wọ́, aspirin kékeré tí èmi ń lò lójoojúmọ́ báyìí ńkọ́? Ṣé wọn kò ní lè gún mi mọ́?

Akunilóorun Kwara

Aspirin kékeré nìkan kì í sábà dí wa lọ́wọ́, Bàbá Ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gún yín, kí ẹ má dúró kó tó bi yín.

Ọmọ Ìyá Ọ̀fà

Dókítà akunilóorun kò dúró di àárọ̀, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló dé nígbà tí nọ́ọ̀sì pè é. Ó fi ohun èlò gbọ́ ọkàn wọn, ó ní kí wọ́n la ẹnu, ó wo ọrùn wọn bí ó ṣe ń tẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ lálẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ló jókòó sí etí ibùsùn, ó sì bá ìyá fúnra wọn sọ̀rọ̀, kò bá wa sọ ọ́ lórí wọn. Ó ní nítorí oògùn inú láílọ́ọ̀nù, òun kò ní gún ẹ̀yìn wọn, òun yóò kùn wọ́n lóorun, òun yóò sì pa iṣan itan fún ìrora. Ìyá bi í bóyá wọn yóò gbọ́ òòlù. Ó ní rárá. Wọ́n bi í bóyá òun náà ni yóò wà níbẹ̀ títí wọn yóò fi jí. Ó ní òun ni. Wọ́n ní ó tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ àtàǹpàkò síwèé kí àwa ọmọ tó sọ ohunkóhun.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò tíì fara mọ́ ọn tán, ṣùgbọ́n òun ló gbà láti jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá jáde ní tíátà, awò ojú wọn sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀la, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Wọ́n ní kí wọ́n má jẹun mọ́ láti aago mẹ́rin ìdájí, omi lásán títí di aago mẹ́jọ.